Owó Ojú Ọ̀run: Ìdí Tí Ọ̀nà Òfuurufú Ibìkan Fi Wọ́n Ju Ti Ibòmíràn Lọ

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Kàbà, tí a tún tò fún kíkà)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, okun o.

Bí ẹ bá gbé rúlà lé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ẹ fa ìlà tó tọ́ láti Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, ìlà náà kò ní gba Lọ́kọ́jà. Orí Yàgbà ni yóò gbà, lẹ́bàá Mọ̀pà níbẹ̀, kó tó dorí kọ Àbújá. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 510 kìlómítà lọ. Bàálù kì í sábà tọ ìlà yẹn gẹ́lẹ́, nítorí ọ̀nà wà lókè bó ṣe wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí oko iṣu yín kò dá rìn. Ẹnìkan jókòó sídìí rédíò níbìkan, ó mọ ibi tó dé, ó mọ gíga tó wà, ó mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olùdarí bàálù ni, àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é ní kọ̀ńtírólà. Owó tí wọ́n ń gbà nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu èèyàn ni pé, ojú ọ̀run kò ní kòtò, ẹnikẹ́ni kò da ọ̀dà sí i, owó ọ̀nà wo ni wọ́n wá ń gbà? Èkejì ló tún le jù: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè méjì tí kò jìnnà síra wọn yóò máa gba owó, tí ti ọ̀kan á sì ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta?

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Chicago ní ọjọ́ 7 oṣù December ọdún 1944 ló dáhùn ti àkọ́kọ́. Abala 28 ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, pèsè ohun tí bàálù máa fi rìn láìséwu lórí ilẹ̀ rẹ̀: rédíò, ìròyìn ojú ọjọ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà, àwòrán ọ̀nà. Abala 15 wá ní kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàálù kìkì nítorí pé ó wọlé, ó kọjá tàbí ó jáde, àti pé owó àlejò kò gbọdọ̀ ju ti onílé lọ. Iṣẹ́ la ń sanwó fún, a kì í san owó ẹnubodè. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún awakọ̀ ní gáréèjì. Kì í ṣe gbogbo ayé ló pa òfin yìí mọ́ tán o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù Yúróòpù fi ń sanwó fún Aeroflot, ilé iṣẹ́ bàálù Rọ́ṣíà, kí wọ́n tó lè gba orí Sìbéríà lọ sí Éṣíà, owó náà kò sì kan rédà tàbí rédíò rárá.

Ti Yúróòpù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣirò wọn hàn gbangba. Eurocontrol, tí àdéhùn ọdún 1960 bí, ló ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gba owó yìí, ìwé owó kan ṣoṣo ló sì ń dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ bàálù, bí bàálù rẹ̀ tilẹ̀ gba orí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni jíjìn ọ̀nà lórí orílẹ̀-èdè náà ní kìlómítà, tí a pín sí 100. Níbi tí bàálù bá ti gbéra, wọ́n á yọ 20 kìlómítà kúrò. Níbi tó bá balẹ̀ sí, wọ́n á yọ 20 mìíràn, torí pé owó ọ̀tọ̀ wà fún ìdarí ní àyíká pápákọ̀. Èkejì ni ìwúwo. Wọ́n á mú iye tọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù tí ìwé àṣẹ bàálù gbà fún un láti fi gbéra, wọ́n á pín in sí 50, wọ́n á wá wá gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí a pín yẹn ni yóò jáde. Ẹ̀kẹta ni owó òṣùwọ̀n, ìyẹn iye tí bàálù tọ́ọ̀nù 50 yóò san fún 100 kìlómítà, èyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń kéde lọ́dọọdún. Òun ni gbogbo ìjà wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ìwúwo, nítorí ó máa ń rú èèyàn lójú. Boeing 737-800 tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 79 yóò fún wa ní 1.26. ATR 72, bàálù kékeré alábẹ̀bẹ̀ tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 23, yóò fún wa ní 0.68. Boeing 777-300ER tó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 351 yóò fún wa ní 2.65. 777 yìí wúwo ju ATR lọ ní ìlọ́po 15, àmọ́ owó rẹ̀ kò tó ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ọbajánà mọ ohun tí tírélà sìmẹ́ńtì ń fi títì ṣe. Kì í ṣe eré ni wọ́n ṣe da kọnkéré sí kìlómítà 43 láti Ọbajánà dé Kàbà. Lókè, ìwúwo kì í ba nǹkan kan jẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni kọ̀ńtírólà ń ṣe lórí bàálù ńlá àti kékeré, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé kékeré tó ń rọra rìn ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Èrò àti ẹrù ni ìwúwo ń tọ́ka sí, ìyẹn ẹni tí àpò rẹ̀ lè gbé e. Gbòǹgbò tí wọ́n ń wá yẹn ló wá ń dá a dúró kó má baà di ìyà fún ẹni tó ra bàálù ńlá.

Amẹ́ríkà kò bá wọn ṣe irú èyí. Bàálù tó gbéra tàbí tó balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kì í gba ìwé owó ọ̀nà. Owó orí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ náà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìrìnàjò abẹ́lé pẹ̀lú owó orí epo àti àwọn mìíràn, tí gbogbo rẹ̀ ń wọ àpò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970. Ẹni tó kàn ń kọjá lókè wọn láìbalẹ̀ nìkan ni wọ́n ń já ìwé owó fún. Lọ́dún 2019, dọ́là 61.75 ni fún 100 máìlì òkun (bíi kìlómítà 185) lórí ilẹ̀, dọ́là 26.51 sì ni lórí agbami. Wọn kì í wo ìwúwo rárá. Kánádà ní tirẹ̀ ta gbogbo iṣẹ́ náà fún Nav Canada lọ́dún 1996 ní bílíọ̀nù 1.5 dọ́là ti Kánádà. Ilé iṣẹ́ tí kò ní èrè láti pín ni, owó tó bá gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàálù ló fi ń gbé ara rẹ̀. Torí náà, bí ẹnìkan bá fi nọ́ńbà Yúróòpù wé ti Amẹ́ríkà, tó ní ti Amẹ́ríkà rọjú, ẹ bi í pé ṣé ó ti ka owó tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Ká padà sídìí owó òṣùwọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń rí i kò le: gbogbo ìnáwó ọdún, kí a pín in sí iye òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n retí pé bàálù yóò ṣe. Ẹ fi wé ẹ̀rọ ìlọgi. Owó iṣẹ́ ọmọọṣẹ́, owó ilé, gbèsè ẹ̀rọ, kò sí èyí tó dínkù lọ́jọ́ tí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá péré wá. Bí ọgọ́rùn-ún bá wá, ẹni kọ̀ọ̀kan á san díẹ̀. Ibùdó ìdarí bàálù le ju ẹ̀rọ ìlọgi lọ nínú èyí, nítorí a kì í pa á lóru. Owó òṣìṣẹ́ nìkan ju ìdajì ìnáwó lọ ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni a kì í gba kọ̀ńtírólà síṣẹ́ lónìí kó jókòó sídìí rédà lọ́la. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà, àṣẹ tó bá sì gbà fún apá ojú ọ̀run kan kò ràn án lọ́wọ́ ní apá mìíràn títí yóò fi kọ́ ti ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti pípọ̀ bàálù nìkan, ìbá jẹ́ pé Belgium àti Switzerland ló rọjú jù. Àwọn gan-an ló wà lára èyí tó wọ́n jù lọ, nígbà tí Ireland, Malta àti Gíríìsì wà lára èyí tó dẹ̀. Owó oṣù tó ga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo irú iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Amsterdam, Frankfurt, Paris àti London yí Brussels ká. Bàálù tó bá wọ ojú ọ̀run ibẹ̀, bí kò bá ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní láti pín ojú ọ̀run sí wẹ́wẹ́ kí kọ̀ńtírólà kan lè kápá tirẹ̀, bàálù á sì gba inú ẹyọ kan kọjá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré kí wọ́n tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìfilélọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ rédíò ni, fóònù ni, ojú mẹ́rin ni. Ní Ireland, orí agbami ni bàálù ti ń bọ̀, ó ti dé gíga rẹ̀, ó ń lọ gbọnrangandan.

Ìdí kan tún wà tí àwọn ará Yúróòpù kì í fẹ́ gbọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń darí bàálù lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 11.5 kìlómítà níbùú-lóròó. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 10.4. Amẹ́ríkà ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe é pẹ̀lú ogún ibùdó ńlá fún ojú ọ̀run òkè. Yúróòpù ní ilé iṣẹ́ tó lé ní 35 àti ibùdó tó lé ní 60, síbẹ̀ bàálù tí Amẹ́ríkà ń darí pọ̀ ju tiwọn lọ dáadáa. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí abà kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà kan náà bá ra ẹ̀rọ ìlọgi tirẹ̀ nítorí pé baálẹ̀ kò fẹ́ kí gbajúmọ̀ abà kejì máa bá òun lọ̀ ọ́. A kò ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀run jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlá ìlú àti ti ológun. Àmọ́ ọlá náà ní iye tó ń jẹ. Àwọn kan ti gbìyànjú o: ibùdó Maastricht ló ń darí ojú ọ̀run òkè, láti 24,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, fún Belgium, Luxembourg, Netherlands àti apá kan Jámánì. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ìkòkò kan.

Nígbà tí owó bá ti yàtọ̀, ọgbọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní 737-800 wa lè gba ọ̀nà tààrà tó jẹ́ 800 kìlómítà lórí orílẹ̀-èdè tí owó òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ yúrò 90, tàbí kó yà gba ti aládùúgbò tó jẹ́ 900 kìlómítà, yúrò 45. Ti àkọ́kọ́: 8 lọ́nà 1.257 lọ́nà 90, ó jẹ́ yúrò 905. Ti èkejì: 9 lọ́nà 1.257 lọ́nà 45, ó jẹ́ yúrò 509. Ó ti fi 396 pamọ́. Ṣùgbọ́n 100 kìlómítà tó fi kún un yóò gbà á ní ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ, bàálù yìí sì ń jó bíi 40 kílò epo ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn 300 kílò. Bí kílò epo bá jẹ́ 80 sẹ́ńtì, yúrò 240 ti lọ, 156 ló kù sí i lọ́wọ́. Bí epo bá di yúrò 1.20, ohun tó kù kò ju 36 lọ, kó tó ka owó àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù àti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Èéfín tó fi kún ti ayé ńkọ́? Ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ìdí nìyẹn tí ìwé ètò ọ̀nà fi ń yí padà bí owó epo bá ṣe ń yí.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tẹ́lẹ̀. Kí ọdún 2020 tó dé, ọ̀nà tó wà nínú ìwé ètò ni Eurocontrol ń fi ṣírò owó. Ilé iṣẹ́ lè kọ ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú sínú ìwé, kí awakọ̀ wá bẹ kọ̀ńtírólà lókè kó jẹ́ kóun já gba ọ̀nà tààrà. Orílẹ̀-èdè tó ṣe iṣẹ́ kò rówó rẹ̀ gbà, ẹni tí kò rí bàálù sójú ló gbà á. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ka iye bàálù sílẹ̀ láti mọ iye kọ̀ńtírólà tó yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣì í. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2020, ọ̀nà tí bàálù rìn gan-an ni wọ́n ń kà.

Ẹ tún fojú sí ẹni tó ń jẹ gbèsè nígbà tí bàálù kò bá wá. Lábẹ́ òfin European Union, bí iye iṣẹ́ bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n retí, tí ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ilé iṣẹ́ ìdarí ló ni èrè tàbí àdánù rẹ̀. Láti 2 dé 10, àwọn oníbàálù ló ń gbé ìdá 70. Kọjá 10, gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí oníbàálù. Lọ́dún 2020 tí kòrónà dé, ìrìnàjò Yúróòpù já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Òfin pàtàkì ni wọ́n fi tẹ́ gbèsè náà sórí ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀lé e, owó òṣùwọ̀n sì lọ sókè lẹ́yìn náà nígbà tí kò sẹ́ni tó ra ẹ̀rọ tuntun kankan. Ẹni tó bá wo owó ọdún kan ṣoṣo, tó ní ibùdó yìí ń náwó ní ìnákúnàá, kò tíì ka ìwé náà dé ìdí.

Ní tiwa ńkọ́? Ilẹ̀ olómìnira Benin, Niger, Chad àti Cameroon, gbogbo àwọn tí a jọ pààlà lórí ilẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ASECNA ni wọ́n, ilé iṣẹ́ àjùmọ̀ní tó ń bá wọn darí bàálù. Ọjọ́ 12 oṣù December 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Dakar ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilẹ̀ tó ń bójú tó sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 16 kìlómítà níbùú-lóròó, ó ju ti Yúróòpù lọ. Wọ́n ti ṣe tipẹ́tipẹ́ ohun tí Yúróòpù ń fi ẹnu ṣe: àpò kan, ilé iṣẹ́ kan. Àmọ́ bàálù kò pọ̀ lórí aṣálẹ̀, ibùdó rédíò sì ní láti wà níbẹ̀ bákan náà. Nàìjíríà dá dúró láàárín wọn pẹ̀lú NAMA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń darí bàálù lókè wa, tó ní ibùdó ńlá méjì, Èkó àti Kano.

Ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe sí owó nìyí. Níbi tí rédà bá wà, bàálù méjì tó wà ní gíga kan náà lè wà ní máìlì òkun márùn-ún síra wọn, bíi kìlómítà 9. Níbi tí kò bá sí, tó jẹ́ pé ohùn awakọ̀ nìkan ni kọ̀ńtírólà ń gbọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò fi sáàárín wọn. Ní eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn lé ní kìlómítà 130. Ojú ọ̀run kan náà, ṣùgbọ́n bàálù tó lè gbà ti kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ 25 oṣù September 2008, wọ́n dín àlàfo òkè sí ìsàlẹ̀ kù ní Áfíríkà láti 2,000 ẹsẹ̀ bàtà sí 1,000, láàárín 29,000 àti 41,000, pẹpẹ tí bàálù lè gbà sì di 13 dípò 7. Ètò rédà tí Thales ti ilẹ̀ Faransé ṣe fún Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010, ní ibùdó mẹ́sàn-án: Èkó, Àbújá, Kano, Port Harcourt, Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa, Maiduguri, Talata Mafara, Numan àti Obubra. Ìbùdó irú èyí nílò iná tọ̀sán-tòru. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, tí bátìrì sì gbẹ, ibẹ̀ á padà sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀. Yúrò ni wọ́n sì fi ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, nígbà tó jẹ́ pé náírà ni ilé iṣẹ́ abẹ́lé fi ń sanwó. Àwọn tó ń ti òkèèrè kọjá ló ń san dọ́là.

Apá kan owó NAMA ń ti ara tíkẹ́ẹ̀tì wá. Òfin ọdún 2006, tí òfin ọdún 2022 ti rọ́pò, ló ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì 100,000 náírà lábẹ́ òfin 2006 yẹn, 5,000 nìyẹn: 2,900 fún NCAA tó ń ṣọ́ ètò ìrìnnà bàálù, 1,150 fún NAMA, 450 fún àwọn olójú ọjọ́, 350 fún ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Zaria, 150 fún àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá. Àléébù rẹ̀ nìyí: bàálù tó gbé èrò 40 àti èyí tó kún fọ́fọ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fún kọ̀ńtírólà, owó tó wọlé kò sì jọra. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gbówó lórí nítorí epo, owó ìdarí á lọ sókè láìsí ìdí. Ó sì tún gba ọwọ́ oníbàálù kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ó tún ku ewu kan tí ìṣirò kankan kì í fi hàn. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù July 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù August títí di ọjọ́ 4 oṣù September. Líbíyà àti Sudan ti di ibi tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í gbà tẹ́lẹ̀. Bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní láti yí ká, kó gbé epo púpọ̀ sí i, kó dín ẹrù kù. Niger kò rí owó gbà lọ́wọ́ wọn, àwọn náà kò sì rí èrè kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Mọ̀pà. Ká fi ìṣirò Yúróòpù wo Èkó sí Àbújá: 510 yọ 40, ó ku 470, 4.7 lọ́nà 1.257 jẹ́ 5.9. Bí owó òṣùwọ̀n bá dẹ̀, tó jẹ́ yúrò 30, bàálù á san 177. Bó bá wọ́n, tó jẹ́ 90, á san 532. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ yúrò 355. Ká pín in sórí èrò 150, kò pé yúrò méjì àbọ̀ fún ẹnìkan. Bí bàálù yẹn bá wá dé orí Àbújá, tí wọ́n ní kó máa yí ká fún ìṣẹ́jú 15 nítorí pé rédà kò ṣiṣẹ́ tàbí pé kọ̀ńtírólà kan ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, yóò jó bíi 550 kílò epo. Ní 80 sẹ́ńtì fún kílò kan, yúrò 440 nìyẹn.